Orí Keje: Ibi Tí Irun Parí Sí

Ẹni tó bá fẹ́ fi gígùn irun mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, kó má wá sí Èkó. Lábẹ́ bíríìjì Òjúẹ̀lẹ́gbà, ọmọkùnrin tí dàda rẹ̀ balẹ̀ dé èjìká ló ń bá èèyàn tún fóònù ṣe. Obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó níwájú rẹ̀ ti gé irun tirẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ní Yábàá, àwọn ọmọkùnrin Yunifásítì Èkó ń di kólẹ́sẹ̀ lọ sí kíláàsì. Síbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni ṣì wọ́n pè. Ìyá aláṣọ ní Tejúoṣó á pe ọ̀kan ní "bọ̀ọ̀sì mi", á pe èkejì ní "àǹtí", kò sì ní dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró kó tó pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Kí ni ojú ìyá yìí rí? Ohun tí orí ìwé yìí fẹ́ fi hàn ni pé, tó bá di ọ̀rọ̀ irun, ibi tí irun parí sí ni ojú ń kà ju gígùn rẹ̀ lọ: iwájú orí, ẹ̀bátí, ẹ̀gbẹ́ etí àti ìpàkọ́. Gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ṣùgbọ́n ó kan àwọn kan jù. Àwọn ni ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin, tó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin, àti ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin, tó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìrísí wọn padà. Tráǹsì ni wọ́n ń pe ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ó ṣe máa pè wọ́n níbí. Lóṣù àkọ́kọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ tí kò tíì gbọ́, ó ní ìyá kan tó ti gbọ́ tí kò tíì gbà, ó sì ní ọ̀rẹ́ méjì-mẹ́ta tó ti ń fi orúkọ tuntun pè é. Orí kan ṣoṣo ló ń gbé lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn. Irun tó lè bá a dé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìdá ìjà sílẹ̀ ló ń wá.

Ojú ń ka ju irun lọ

Ní ọdún 1993, Vicki Bruce, Mike Burton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí a ṣe ń mọ ojú ọkùnrin yàtọ̀ sí ojú obìnrin. Wọ́n ya fọ́tò ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n fi fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ bo irun gbogbo wọn, àwọn ọkùnrin inú wọn sì ti fá irùngbọ̀n mọ́. Síbẹ̀, bíi 96 nínú 100 ni àwọn tó wo fọ́tò náà ń gbà. Wọ́n wá mú àwòrán mìíràn tí ẹ̀rọ léésà yà, èyí tó fi bí ojú ṣe ga tó àti bí ó ṣe jìn tó hàn, tí kò sì ní irun òkè ojú tàbí àwọ̀ ara. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í gan-an.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́, ojú wa ń kó ẹ̀rí jọ láti ibi púpọ̀: bí irun òkè ojú ṣe pọ̀ tó, bí ó ṣe jìnnà sí ẹyinjú tó, bí egungun iwájú orí ṣe yọ tó, bí imú àti àgbọ̀n ṣe rí, bí awọ ṣe dán tó. Ẹni tó bá sọ pé gígé irun kan ṣoṣo á yí gbogbo ìyẹn padà ń tan èèyàn jẹ. Ìkejì, àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, ìyókù á lágbára tàbí kó dẹ̀. Irun ló rọrùn jù láti yọ nínú wọn, nítorí òun nìkan ni a lè gé láàárọ̀ kí ara má ta wá.

Nítorí náà, irun tó wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni irun tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Bó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò lọ sí ọ́fíìsì, irun náà bá ṣẹ́ẹ̀tì mu. Bó bá fi yẹtí sí etí tó wọ búbá lọ́jọ́ Sátidé, irun náà bá yẹtí mu. Aṣọ, ohùn àti ìrìn ni yóò parí gbólóhùn náà. Irun á dákẹ́.

Iṣẹ́ họ́mọ̀nù ní iwájú orí

Kí ọmọ tó bàlágà, bákan náà ni irun iwájú orí ọmọkùnrin àti ti ọmọbìnrin rí: ó yí kooro láti ẹ̀bátí kan dé èkejì. Nígbà ìbàlágà, họ́mọ̀nù testosterone á pọ̀ nínú ara ọmọkùnrin. Ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní 5-alpha reductase á sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di DHT, èyí tó lágbára jù ú lọ. DHT yìí ló ń mú kí ihò irun ní igun méjèèjì iwájú orí máa kéré sí i, kí irun tó ń jáde níbẹ̀ máa tín-ín-rín, títí ojú irun á fi sún sẹ́yìn. DHT kan náà ló ń mú irùngbọ̀n hù. Ohun tó ń lé irun lórí ló ń pè é wá sí àgbọ̀n.

Ọdún 1942 ni James Hamilton, onímọ̀ ara ọmọ Amẹ́ríkà, fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ó wo àwọn ọkùnrin tí kórópọ̀n wọn kò ṣiṣẹ́ tàbí tí wọ́n ti yọ ọ́ kí wọ́n tó bàlágà, ó sì rí i pé orí wọn kì í pá. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn, tí orí pípá wà nínú ìdílé wọn, gba testosterone, orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Ní ọdún 1974, Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àwọn ọmọ kan ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic tí ara wọn kò ní ẹ́ńsáìmù tí a sọ yẹn tó bó ṣe yẹ. Wọ́n tọ́ púpọ̀ nínú wọn bí ọmọbìnrin; nígbà tí wọ́n bàlágà, ohùn wọn kẹ̀, iṣan wọn le, wọ́n di ọkùnrin lójú ìlú. Síbẹ̀ irun iwájú orí wọn kò sún sẹ́yìn, irùngbọ̀n wọn kò sì pọ̀. Ìmọ̀ yìí wà lára ohun tó bí oògùn finasteride, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àrùn próstéètì ní ọdún 1992, àti fún orí pípá ní ọdún 1997.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń yí padà? Obìnrin tráǹsì tí dókítà bá fún ní họ́mọ̀nù estrogen àti oògùn tó ń dá testosterone dúró á rí i pé irun orí dẹ́kun jíjábọ́ láàárín oṣù 1 sí 3. Èyí tó ti lọ kì í sábà padà wá tán. Irun ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ láàárín oṣù 6 sí 12, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n kò ní tìtorí họ́mọ̀nù kúrò, àfi kí wọ́n fi léésà tàbí iná mànàmáná yọ ọ́ láti ìdí. Ọkùnrin tráǹsì tó ń gba testosterone á máa retí irùngbọ̀n láti oṣù 6 sí 12, ó sì lè tó ọdún 4 tàbí 5 kó tó kún. Láàárín àkókò kan náà, igun iwájú orí rẹ̀ lè máa ṣí, bí ó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé rẹ̀.

Ẹ kíyè sí iye oṣù wọ̀nyí. Ní gbogbo àkókò tí oògùn ń rìn bí ìgbín, onígbàjámọ̀ lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bí iṣẹ́ náà kò bá sì dára, irun á tún hù. Kò sí ìgbésẹ̀ mìíràn nínú ìyípadà tí èèyàn lè dán wò ní irọ̀rùn tó báyìí.

Igun mẹ́rin

Ẹ dúró wo onígbàjámọ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí iṣẹ́, ní Ìdí-Òro tàbí ní òpópónà Adéníran Ògúnsànyà. Ó ti fi kílípà gé gbogbo orí dọ́gba. Ó mú kílípà kékeré tí kò ní òòyà lẹ́nu, ó fi àtàǹpàkò fa awọ iwájú orí sẹ́yìn, ó sì fa ìlà gbọọrọ láti ẹ̀bátí dé ẹ̀bátí. Igun méjèèjì mú ṣáṣá. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí, ó gé irun ibẹ̀ ní ṣóńṣó. Ó tẹ orí oníbàárà ba, ó fa ìlà mìíràn ní ìbú ìpàkọ́. Ó da sípíríìtì sí òwú, ó nù ún, oníbàárà sì fa atẹ́gùn sí ẹnu ṣíì. Pọ́ńdà ló kàn, búrọ́ọ̀ṣì, dígí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ló sì sọ irun náà di ti ọkùnrin.

Irun kan náà, ní gígùn kan náà, bí onígbàjámọ̀ bá fi kílípà kékeré sílẹ̀ lórí tábìlì, kò ní sọ nǹkan kan. Níbẹ̀ ni àṣírí náà wà.

Iwájú orí ni igun kìíní. Bí a bá fi irun wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, tí a kò fa ìlà, ojú irun á yí kooro bí ó ṣe wà nígbà èwe. Bí igun ti ṣí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí irun iwájú gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, kó lè ká wálẹ̀ bo ibẹ̀. Ọkùnrin tráǹsì ń fẹ́ òdìkejì: ìlà tó tọ́, igun tó mú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì ń lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú, kó ní kí wọ́n fa ìlà náà fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n má ṣe bu irun sẹ́yìn.

Ẹ̀bátí àti ẹ̀gbẹ́ orí ni igun kejì. Bí wọ́n bá fá ẹ̀gbẹ́ títí awọ fi hàn, àgbọ̀n á dà bíi pé ó fẹ̀ sí i, ojú á le. Bí irun bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú á rọ̀. Òòyà kílípà ní nọ́ńbà lára: nọ́ńbà 1 ń fi mílímítà 3 sílẹ̀, nọ́ńbà 2 ń fi 6 sílẹ̀, nọ́ńbà 3 ń fi 10 sílẹ̀. Láàárín nọ́ńbà 2 sí 3 ni irun tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan wà.

Ẹ̀gbẹ́ etí ni igun kẹta. Irun tó gún, tó sọ̀ kalẹ̀ kọjá àárín etí, ń tọ́ka sí irùngbọ̀n, kódà bí irùngbọ̀n kò bá sí. Irun fúyẹ́fúyẹ́ tó dúró lókè àárín etí kò tọ́ka síbì kankan.

Ìpàkọ́ ni ìkẹrin, òun sì ni ẹni tó ni orí kì í rí. Bí abẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín wò ó. Ìlà tí a fà ní ìbú jẹ́ ti ọkùnrin. Irun tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parẹ́ sínú ọrùn bá gbogbo èèyàn mu.

Báwo ni ẹ ṣe máa sọ ọ́ láìfa ìbéèrè? Báyìí ni ó ṣe sábà ń lọ:

"Ọ̀gá, ẹ bá mi fi nọ́ńbà mẹ́ta gé e yíká. Ẹ má fa ìlà síwájú o."

"Kí n má fa ìlà? Kò ní jáde o, bọ̀ọ̀sì mi."

"Abẹ máa ń sú mi lára. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ìpàkọ́ ń kọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó máa parẹ́ lọ. Ẹ má gé e ní ìlà."

Kò sí onígbàjámọ̀ tí kò tíì gbọ́ pé abẹ ń sú èèyàn lára. Kò ní bi yín léèrè mìíràn.

Irun mẹ́rin tó ń rìn ní Mainland Èkó

Low cut àti wíìgì ni ó wọ́pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ obìnrin Èkó ló ń gé irun wọn mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń de wíìgì lé e, yálà torí ooru ni tàbí torí owó onídìrí. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ló sì ti ń pàṣẹ low cut fún ọmọbìnrin tipẹ́tipẹ́, tó fi jẹ́ pé orí obìnrin tí a gé kò ṣàjèjì lójú ẹnikẹ́ni. Èyí ṣe obìnrin tráǹsì láǹfààní tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn kò ní: orí tó gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé ni wíìgì ń bò lọ́jọ́ Sátidé, kò sì sí ẹni tó máa béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí wíìgì má ṣe há, kí wọ́n bọ́ ọ lálẹ́, kí wọ́n sì fọ orí, nítorí òógùn tó bá sé mọ́ abẹ́ rẹ̀ ń fa yíyún àti ìfọ́rífọ́rí.

Áfúrò ni èkejì. Ó nílò sùúrù. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé irun àwọn èèyàn tó ti Áfíríkà wá ń hù ní bíi mílímítà 8 lóṣù, nígbà tí ti àwọn òyìnbó ń hù ní bíi 12. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn ọdún kan, ẹ lè ní sẹ̀ǹtímítà 9 tàbí 10; ṣùgbọ́n irun tó ká á fara hàn bí ìdajì ìyẹn, tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun fẹ́ áfúrò ní Kérésìmesì, kó ti dẹ́kun gígé rẹ̀ láti ìgbà Àjíǹde. Láàárín ìgbà yẹn, ìpàkọ́ àti ẹ̀gbẹ́ etí nìkan ni kí wọ́n máa tún ṣe, kí irun má baà dà bí ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Dídì ni ẹ̀kẹta. Kólẹ́sẹ̀ tó lọ tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn ti di ti ọkùnrin àti obìnrin lónìí. Ṣùkú àti ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ṣì jẹ́ ti obìnrin lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n bá so mọ́ ìdí irun. Ẹni tó bá wo fọ́tò tí J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní ọdún 1968, èyí tó fi kó irun dídì obìnrin Nàìjíríà jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á rí i pé ẹ̀yìn orí àti ẹ̀gbẹ́ ló sábà ń yà. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni onídìrí ń fi ọwọ́ rẹ̀ hàn.

Dàda ni ìkẹrin. Ó bá ọkùnrin àti obìnrin mu, ó sì ń bo ẹ̀bátí tó ti ṣí. Ewu tirẹ̀ wà lójú pópó. Àwọn ọlọ́pàá ẹ̀ka SARS, tí ìjọba tú ká ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 nígbà ìwọ́de EndSARS, máa ń dá ọ̀dọ́kùnrin dúró nítorí dàda, nítorí ara fínfín, nítorí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Orúkọ náà ti lọ. Ìwà náà kò tíì tán lọ́wọ́ gbogbo ọlọ́pàá. Ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n gba fóònù òun yẹ̀wò, kó fi ìyẹn sọ́kàn kó tó yan dàda.

Kì í ṣe òní ni irun ti ń sọ ju akọ tàbí abo lọ

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní ọdún 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé àwọn Ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin wà nínú wọn, ìdajì orí tí wọ́n fá sì ni àmì wọn. Ẹni tó bá pàdé Ìlàrí lọ́nà, oyè ni orí rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún un, kó tó kan pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ẹlẹ́gùn Ṣàngó tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ ìyàwó òrìṣà ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń jẹ́. Wọ́n ń di irun wọn bí ti obìnrin, wọ́n ń fi yẹtí sí etí, wọ́n sì ń wọ aṣọ tó bá a mu. J. Lorand Matory, onímọ̀ tó gbé ìlú Ìgbòho ṣe ìwádìí, kọ nípa wọn nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1994. Èmi kò sọ pé tráǹsì ni àwọn àgbà wọ̀nyí. Wọ́n níyàwó, wọ́n bímọ, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n ní obìnrin lóko tàbí lọ́jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojú àwọn baba wa ti rí ọkùnrin tó di irun, ìlú kò sì dàrú.

Ìlera orí

Ẹni tí yóò máa lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ léraléra nílò láti mọ ewu tó wà níbẹ̀. Irun tó ká máa ń yí padà wọ inú awọ lẹ́yìn fífá, ibẹ̀ á sì sú. Ní ìpàkọ́, súsú yẹn lè di kókó líle tí kì í lọ mọ́, tí irun kò sì ní hù lórí rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin dúdú tó ń gé irun mọ́lẹ̀. Nítorí náà, àlàyé tí a ṣe fún onígbàjámọ̀ lókè kì í ṣe irọ́: ìpàkọ́ tí a kò fá kanlẹ̀ sàn fún ara, bó ṣe sàn fún ìrísí.

Làpálàpá orí ń gun kílípà láti orí kan dé òmíràn. Àrùn mẹ́dọ̀wú irú B burú jù ú lọ. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 rí i lára bíi èèyàn 8 nínú 100, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà láàyè fún ọjọ́ méje níta ara, nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Sípíríìtì tí wọ́n kàn fi nu kílípà lẹ́ẹ̀kan kò tó o. Àpótí oníná búlúù tí wọ́n ń kó kílípà sí kì í pa kòkòrò níbi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dé. Ẹ ra kílípà tiyín, ẹ máa gbé e lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fún mẹ́dọ̀wú irú B. Ẹ bi wọ́n léèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín.

Ẹ ṣọ́ra fún irun tí wọ́n bá dì tó le koko. Fífà á lójoojúmọ́ ń tú irun ẹ̀bátí láti gbòǹgbò, ibẹ̀ gan-an sì ni testosterone ti kọ́kọ́ bù jẹ. Obìnrin tráǹsì tó ń fi ìdì líle bo igun tó ṣí ń ṣí i sí i ni. Bí orí bá ń dunni lálẹ́ ọjọ́ tí a di irun, ó ti le jù. Kí wọ́n tú u.

Kí a má sì gbàgbé oògùn. Àwọn kan tí kò rí dókítà á lọ ra oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ní kẹ́míìsì, wọ́n á máa gbé e mì ní méjì-mẹ́ta lójúmọ́ kí ojú wọn lè rọ̀. Irú estrogen tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ethinyl estradiol, ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, pàápàá lára ẹni tó ń mu sìgá. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì lè gun ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa èèyàn. Ẹ má fi ẹ̀mí san owó ohun tí gígé irun lè ràn yín lọ́wọ́ lé lórí.

Òfin, ilé ìwòsàn àti ilé

Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 dá lórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, lórí ẹgbẹ́ wọn àti fífi ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló wà fún ìgbéyàwó náà. Kò dárúkọ irun. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n ka àbá kan ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin láti fi wíwọ aṣọ ẹ̀yà kejì kún un, ṣùgbọ́n sáà ilé náà parí ní ọdún 2023 láìjẹ́ pé ó di òfin. Pé òfin kò dárúkọ nǹkan kò ní kí èèyànkéèyàn má dáni dúró lójú títì. Ìdí nìyí tí irun tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò, kó tó jẹ́ ọ̀rọ̀ oge.

Bí ọmọ bá gé irun tí kò yé ìdílé rẹ̀, Yábàá ni àwọn kan kọ́kọ́ ń dárúkọ, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1907. Kí wọ́n mọ èyí: Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ ọ̀rọ̀ tráǹsì kúrò lára àìsàn ọpọlọ nínú ìwé àrùn rẹ̀ kọkànlá, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2019, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Ìbànújẹ́ àti ìpayà tó ń bá ẹni tí gbogbo ilé kọ̀yìn sí jẹ́ ohun mìíràn. Dókítà lè tọ́jú ìyẹn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Mo ti gbọ́ nípa òbí tó fi ipá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kí wọ́n fá a kodoro. Irun náà hù padà. Àwọn àgbà ló ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣì máa wá jẹun nílé, onígbàjámọ̀ tó bá fẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ padà wá, kí wọ́n kọ́kọ́ bi olórí léèrè bó ṣe fẹ́ ẹ, kí wọ́n tó tan kílípà.